Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn bá yín ka adìẹ yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo lórí Facebook pé kí gbogbo ayé lọ ra adìẹ, kí gbogbo ayé gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé torí pé ẹyin ti wọ́n, mi ò bá yín jà o, èmi náà ń sìn ín, mo sì ń gbìn ín. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, gbogbo fọ́tò tẹ́ ẹ ń gbé síbẹ̀ yẹn, oṣù keje lẹ ya gbogbo ẹ̀. Ilẹ̀ tutù, ewédú ti ga dé ìbàdí, adìẹ ń dán, omi ń dà látòkè lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ni ò ní mọ oko ṣe lóṣù keje? Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́. Ẹ gbé fọ́tò oṣù kejì jáde ká rí i.

Èrò tèmi ni pé ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kó sọ iye adìẹ téèyàn máa sìn àti iye bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ téèyàn máa ṣe, kì í ṣe òjò. Iye tó o bá lè pọn omi fún lóṣù kẹta, iye tìẹ nìyẹn. Ìyókù, àlejò ni wọ́n, kí wọ́n jẹun tán kí wọ́n máa lọ.

Ọ̀nà Ìlọrin sí Àjàṣẹ́-Ìpo níbí, lẹ́yìn Ganmo kó o tó dé Amoyo, ẹ mọ bó ṣe rí, ilé kan, ilẹ̀ méjì tí wọn ò tíì kọ́. Ẹni tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa ò sí nílé, òun fúnra ẹ̀ ló ní ká máa dá a kó má baà di igbó, kí wọ́n má baà sọ ọ́ di ààtàn, pé ọjọ́ tí òun bá já bulọ́ọ̀kù ká yáa kó ẹ̀fọ́ wa. Ilẹ̀ ọ̀fẹ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, bẹ́ẹ̀ oko yẹn ń náni lówó! Torí pé ilẹ̀ kọ́ ni ìṣòro, omi ni.

Òjò ọdún kan ní Ìlọrin ń lọ sí bíi mílímítà 1,200, kì í ṣe kékeré, àmọ́ àárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ló máa da gbogbo ẹ̀ tán, tó bá ti di oṣù kọkànlá, ó dàbọ̀. Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ kan tó fẹ̀ tó mítà kan tó gùn tó mítà márùn-ún, tóòrùn bá ń pa á, ó máa mu kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan tán lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀dì kan o. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà nígbà òjò, kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ló ń dúró dè é lójúmọ́, kò tíì wẹ̀, kò tíì sè oúnjẹ, kò tíì fún adìẹ lómi. Kànga nkọ́? Ilẹ̀ wa níbí àpáta ló wà nísàlẹ̀, kànga ilé púpọ̀, tó bá di oṣù kejì, ẹrẹ̀ lò ń fà jáde, ìgbà yẹn gan-an ni méruwa sì máa ń fi owó lé omi ẹ̀, ẹ ò lè bá a jà, òun náà ń tò síbi tó ti ń pọn.

Adìẹ náà ń bọ̀. Layer mẹ́wàá, ìyẹn adìẹ tá à ń sìn torí ẹyin, fíìdì tí wọ́n máa jẹ lójúmọ́ á tó kílò kan àti díẹ̀, bàgì kílò 25 ò lè fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Omi tí wọ́n ń mu nígbà tí ojú ọjọ́ tutù ò ju bíi lítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n nínú ooru ó lè di ìlọ́po méjì, torí adìẹ kì í làágùn, ẹnu ló máa ń yà táá máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, omi inú ẹ̀ ló fi ń tu ara ẹ̀ lára. Tó o bá jẹ́ kí omi tán nínú ike fún ọ̀sán kan péré, ẹyin á fà sẹ́yìn fún ọjọ́ púpọ̀. Alhaja tó wà nílé kejì sí wa, tó ti ń sìn adìẹ kí n tó délé ọkọ, ìgbà tẹ́nì kan ń ráhùn lójú ẹ̀ pé adìẹ òun ò yé mọ́, ó wo ike omi, ó wo èmi, ó ní, “Ìyàwó, gbà mí o, adìẹ tí ò rómi mu, ẹyin wo ni wọ́n fẹ́ kó yé?” Oníke gbé ike ẹ̀ lọ síbi omi, kò fèsì.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbádùn òjò o. Kò sóhun tó dùn tó àkọ́rọ̀ òjò lójú adìẹ. Tó bá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, èsunsun á jáde nínú ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ò ní rí eré tí àgbébọ̀ máa sá, á fò sókè á fi ẹnu gbá a mú nínú afẹ́fẹ́, òròmọdìẹ ní tiwọn á máa lé ìyẹ́ tó ti já bọ́, wọ́n á gbé ìyẹ́ lásán sá káàkiri, àwọn yòókù á máa lé wọn torí pé wọ́n rò pé ẹran ni. Lásìkò yẹn fíìdì ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan fún adìẹ ìbílẹ̀, kòkòrò wà, koríko wà, èèrí ògì wà. Ohun tó máa ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Abo á sàba, á fi ọjọ́ 21 pa ọmọ, ọmọ kò ní pẹ́ dàgbà, o bá ní jẹ́ kí n tún dá òmíràn sàba. Tó bá fi máa di àrọ̀kúrò, adìẹ ti kún ilẹ̀, inú ẹ ń dùn, o ń ka àkùkọ ọdún.

Oṣù kọkànlá wọlé. Koríko gbẹ. Ọyẹ́ dé. Àwòdì tó ti wábi fara mọ́ nígbà òjò tún bẹ̀rẹ̀ sí í yípo lókè, igi ti wọ́wé, kò síbi tí òròmọdìẹ fẹ́ sá sí. Lẹ́yìn náà lúkúlúkú, èyí táwọn dókítà ẹranko ń pè ní Newcastle. Ẹni tó bá ti rí i rí ò ní gbàgbé. Adìẹ á kọ́kọ́ dá dúró sí kọ̀rọ̀, ìyẹ́ ẹ̀ á wọ́ sílẹ̀, ìgbẹ́ ẹ̀ á di àwọ̀ ewé, wàá máa gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀ tó bá ń mí, tó bá pẹ́ sí i ọrùn ẹ̀ á lọ́ á máa wòkè bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ilé adìẹ á dá páropáro. Kò ní oògùn. Mo mọ̀ pé kápúsù pupa àti yẹ́lò yẹn lẹ máa ń tú sómi, gbogbo wa la bá a láyé, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì ló ń pa á, kápúsù yẹn ò mọ̀ ọ́n rárá.

Ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn máa ń fi dá mi lóhùn rèé: ṣebí Kérésì àti ọdún tuntun ni adìẹ ń pawó, báwo la ṣe fẹ́ tà á ṣáájú? Òótọ́ ni, ó ń pawó. Àmọ́ ìgbà yẹn náà ni adìẹ láti ìlú mẹ́wàá ń pàdé nínú àpẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́jà, ìgbà yẹn náà ni aládùúgbò ẹ máa ra méjì wálé, á so wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì lẹ́yìnkùlé títí di ọjọ́ ọdún, tìẹ á lọ bá wọn jẹ èèrí níbẹ̀. Kó tó pa èyí tó so mọ́lẹ̀, àrùn ti wọ àgbàlá. Èmi faramọ́ kéèyàn ta ìdajì àkùkọ ẹ̀ tó bá ti di oṣù kẹwàá, kódà kówó ẹ̀ dín, kó wá fún ìyókù ní vaccine tó ń dènà lúkúlúkú yẹn kí wọ́n fi bá ọdún. Owó tó dín yẹn kéré sí bàgì fíìdì kan, ẹ lọ ṣírò ẹ̀.

Ní ti ẹ̀fọ́, mo ti gbà pé lóṣù kejì, kí n lọ ra tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbìn ín létí odò Àsà. Wọ́n ní pómpù, odò wà lẹ́bàá wọn, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Kí n máa ra omi lọ́wọ́ méruwa kí n lè gbin ẹ̀fọ́ igba náírà, ìyẹn ti kọjá ìfẹ́ oko, afẹ́ ni. Ohun tó ń kù sínú oko wa lẹ́ẹ̀rùn ò pọ̀: ewúro, tí ò mọ̀ bóyá òjò rọ̀ àbí kò rọ̀, ẹ̀gẹ́ tó ti ta gbòǹgbò, èfìnrín, àti ata. Ata yẹn, ẹ wá wo ibi tá a gbìn ín sí. Ẹ̀gbẹ́ ibi tá a ti ń ṣe àlùwàlá ni, a la ojú àgbàrá tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ibẹ̀ lọ sídìí ata, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ lomi ń lọ bá a, kò sí ọṣẹ nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pọn ún fún un. Nínú ààwẹ̀ ọdún 2025, tó bọ́ sínú oṣù kẹta, tó jẹ́ pé téèyàn bá ti jáde lọ́sàn-án òùngbẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, kò sẹ́ni tó lágbára láti gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sóko, ata yẹn ń so ní tiẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ la fi sí i nídìí, èyí tó ti gbé lórí òkìtì fún oṣù méjì mẹ́ta, torí tútù ẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò.

Àwọn kan á ní kí n gbẹ́ borehole. Ẹ kúuṣẹ́. Ẹ bá mi dáwó.

Torí náà ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ mi pé mélòó lòun lè fi bẹ̀rẹ̀, mi ò ní nọ́ńbà fún un, kó lọ wo kànga ilé ẹ̀ lóṣù kẹta kó padà wá. Ìyá ilé tó ní àgbébọ̀ márùn-ún àti àkùkọ kan, tó ń rí ẹyin jẹ yípo ọdún, sàn jù ẹni tó ní ogójì lóṣù kẹsàn-án tó ń wá ẹni bá a sin òkú adìẹ lóṣù kìíní.

Ẹ̀yin tá a jọ wà ládùúgbò, èyí kàn yín gan-an. Vaccine Newcastle, èyí tí wọ́n ń pò sómi, ìgò tó kéré jù tí mò ń rí lọ́jà, ti adìẹ ọgọ́rùn-ún ni, tẹ́ ẹ bá sì ti pò ó, láàárín wákàtí méjì ó ti di omi lásán. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní adìẹ mẹ́jọ ṣe máa ń ní òun ò rà, mi ò sì bá a wí. Wọ́n ń ṣe é ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau, ó ń wá láti ọ̀nà jíjìn, inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà, tí ẹni tó ń tà á bá mú un jáde látinú fríìjì tí iná ò sí ládùúgbò ẹ̀ láti àná, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ká kúkú dáwó, ká ra ìgò kan, kílé mẹ́wàá pín in. Oṣù kẹwàá ni mo ń wò, àárọ̀ Sátidé, kóòrùn tó mú. Ẹ má fún adìẹ lómi láti òru kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, ẹ mú omi kànga wá, ẹ má mú omi ẹ̀rọ torí kẹ́míkà tí wọ́n ń fi sí i, kẹ́nì kan mú mílíìkì onípáúdà ṣíbí méjì dání. Alhaja ti ní iwájú ilé òun la máa lò. Ẹ kàn sọ iye adìẹ yín fún mi ṣáájú, iye gidi o, ẹ má dín in kí owó tẹ́ ẹ máa san lè kéré.