Kò sí físà Niger: ẹ yé fowó ra irọ́

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni ohùn bọ́ sórí WhatsApp ẹbí wa, ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì le bíi ti ẹni tọ́rọ̀ ṣojú ẹ̀: "Ẹ sọ fáwọn ọmọ yín o. Niger, Mali àti Burkina Faso ti kúrò ní ECOWAS, físà ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀ báyìí. Ẹni tí ò bá ní físà, àtìmọ́lé ni." Kí n tó gbọ́ ọ tán, èèyàn mẹ́sàn-án ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí Ọlọ́run ṣọ́ wa. Kò sẹ́nì kan tó bi í pé ibo ni wọ́n ti ń gba físà ọ̀hún, èló ni, ta ló sì kéde ẹ̀.

Mo bi í. Ó ní gbogbo gáréèjì ló mọ̀.

Gáréèjì! Ìgbà kẹrin rèé tí mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láàárín oṣù méjì, ó sì ti sú mi. Torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó bá tún gbé e dé ọ̀dọ̀ yín lè rí nǹkan kà.

Òótọ́ ni pé wọ́n kúrò. Ọjọ́ 28 oṣù Kínní ọdún 2024 làwọn ológun tó ń ṣèjọba níbẹ̀ kéde pé àwọn ò ṣe mọ́. Òfin ECOWAS ní kí ẹni tó bá ń lọ fún ẹgbẹ́ ní ọdún kan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ 29 oṣù Kínní ọdún 2025 ni wọ́n tó yọ wọ́n kúrò nínú ìwé. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ gáréèjì parí sí. Wọn ò mọ̀ pé àwọn tó ń jà yìí ti fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀ lórí físà, lẹ́ẹ̀mejì.

Àkọ́kọ́, àwọn tó kúrò gan-an. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2024, nígbà tó ku díẹ̀ káwọn olórí ECOWAS pàdé ní Abuja, Assimi Goïta ti Mali, tó jẹ́ olórí AES (ẹgbẹ́ táwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá sílẹ̀) nígbà náà, gbé ìkéde jáde. Ó ní ilẹ̀ AES jẹ́ ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè wọ̀ láìgba físà. Ó lè wọlé, ó lè rìn káàkiri, ó lè fìdí kalẹ̀, ó lè jáde, bí òfin ìlú bá ṣe là á sílẹ̀. Ẹ tún un kà. Àwọn tẹ́ ẹ ní wọ́n fi físà síbodè ló kọ́kọ́ sọ pé kò sí físà, wọn ò sì tíì kúrò tán nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Èkejì, ECOWAS fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìkúrò náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ gan-an, ó kọ̀wé sáwọn orílẹ̀-èdè tó kù nínú ẹgbẹ́ pé kí wọ́n máa gba pásípọ́ọ̀tù àti káàdì ìdánimọ̀ tó ní àmì ECOWAS lọ́wọ́ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa wọlé láìgba físà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ilé méjèèjì tó ń bínú síra wọn ló ní kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ta ló wá tì í? Àgbèrò?

Mo gbà, ìwé ECOWAS yẹn sọ pé títí di ìgbà tí àwọn bá tún kéde nǹkan mìíràn. Wọ́n lè yí i padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yí i, màá kọ òmíràn.

Mo mọ èsì tí ẹ máa fọ̀: "Ṣùgbọ́n wọ́n gbowó lọ́wọ́ lágbájá ní bodè." Owó bodè dàgbà ju AES lọ, ẹ jọ̀ọ́.

Èmi náà gbabẹ̀ kọjá lẹ́yìn tí wọ́n kúrò, n ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹnubodè kan lókè Ọya lọ́hùn-ún ni, n ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mo ṣì fẹ́ gbabẹ̀ padà. Tábìlì onígi kan wà lábẹ́ páànù, ọkùnrin kan jókòó tì í. Páàdì yíǹkì ẹ̀ ti gbẹ débi pé ó ní láti ro omi bútà sí i kí òǹtẹ̀ tó lè mú. Ó gba pásípọ́ọ̀tù mi, ó gba yẹ́lò káàdì mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ń wá ọjọ́ tí mo gbabẹ́rẹ́. Kò bi mí ní físà, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀ tán, àmì rẹ̀ ń ṣomi lójú ìwé, ló bá ní kí n mú ẹgbẹ̀rún méjì séfà wá. Mo ní ti kí ni? Ó ní owó òǹtẹ̀. Mo béèrè rìsíìtì, ó wò mí bí ẹni tó rí wèrè.

Alálùbọ́sà kan ló tò sẹ́yìn mi, ọmọ Niger pọ́ńbélé, káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Òun náà mú ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀ kó tó wọ ìlú bàbá rẹ̀. Ṣé físà lòun náà gbà?

Èyí tó dùn mí jù ni ti àǹtí kan tá a jọ ń ta léèsì. Wọ́n ti kó irọ́ yìí sí i lórí, ó lọ bá éjẹ́ǹtì, ó san ẹgbẹ̀rún márùnlélógójì náírà fún físà Niger. Ó fi ìwé náà hàn mí tìdùnnú-tìdùnnú, ó ti fi láílọ́ọ̀nù wé e kí òjò má bàa bà á jẹ́. Mo wo ọ̀rọ̀ gàdàgbà tí wọ́n kọ sókè ìwé: ECOWAS VISA. Físà ECOWAS, fún orílẹ̀-èdè tó ti kúrò ní ECOWAS! N ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún.

Ohun tó lè dá yín padà wà, kì í ṣe físà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè máa wọ òmíràn, ni ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì kọjá, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ gbàṣẹ. Àdéhùn yẹn náà ló fún orílẹ̀-èdè láǹfààní láti dá ẹni tí òfin ìlú rẹ̀ ò bá gbà padà, ìkéde AES sì sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ìdajì àwọn tó ń pariwo físà ni pásípọ́ọ̀tù wọn ti kú láti ọdún mẹ́ta.

Bẹ́ ẹ bá sì rò pé jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ló ń ṣí bodè, ẹ bi àwọn òbí yín léèrè ọdún 1983, nígbà tí Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà, tí báàgì fi gba orúkọ. Inú ECOWAS ni gbogbo wa wà. Inú ECOWAS náà la wà nígbà tí Nàìjíríà ti bodè orí ilẹ̀ láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Nígbà tí ológun gbàjọba ní Niamey lóṣù Keje ọdún 2023, ECOWAS ló ní kí wọ́n ti bodè mọ́ Niger, Niger ò sì tíì sọ pé òun ń lọ síbì kankan. Nígbà tí wọ́n ká ìjẹníyà yẹn kúrò lóṣù Kejì ọdún 2024, Niger kọ̀, kò ṣí tirẹ̀ pẹ̀lú Bẹ̀nẹ̀. Àwọn tó ń gba Kùtọnu lọ sí Niamey jìyà ẹ̀, n ò jiyàn. Bodè títì nìyẹn, kì í ṣe físà.

Gbogbo eléyìí ni mo tẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo fi àwòrán ojú ìwé pásípọ́ọ̀tù mi tó ní òǹtẹ̀ tì í. Ó kà á. Lálẹ́ ló tó fi ohùn mìíràn ránṣẹ́, kúkúrú ni tọ̀tẹ̀ yìí. Ó ní òun ti rí i, Ọlọ́run á túbọ̀ máa ṣọ́ mi, kí n jọ̀ọ́ fi nọ́ńbà éjẹ́ǹtì tó bá mi ṣe é ránṣẹ́.