Èsì ìdánwò kọ́ ni ẹ̀rí pé àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ti wọ kíláàsì

Ìjọba gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde, ọdún méjì kọjá, èsì ìdánwò ò sunwọ̀n sí i, kíá làwọn èèyàn á ní ìlànà náà ò dára. Bí èsì bá sì gbéra, wọ́n á ní ó ti yọrí sí rere. Kò sí èyí tó lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ nínú méjèèjì.

Ẹ ṣírò ó wò. Ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí láti kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún kẹfà làwọn ọmọ tó kọ́kọ́ lò ó tó máa ṣe ìdánwò àṣejáde. Àwọn tó ṣe é lọ́dún kejì, ìlànà àtijọ́ ni wọ́n bá dàgbà. Àwọn tó ń ṣèdánwò pàápàá kì í dúró lójú kan. Nígbà tí Màláwì sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ lọ́dún 1994, iye akẹ́kọ̀ọ́ fò láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9, ó sún mọ́ mílíọ̀nù 3. Irú ọ̀pọ̀ èrò bẹ́ẹ̀ lè fa máàkì wálẹ̀ láìjẹ́ pé olùkọ́ kankan ṣe ìmẹ́lẹ́. Bí àwọn tó ń tiraka bá sì ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí ìdánwò tó dé, máàkì á gòkè lásán.

Ohun tí à ń dá lẹ́bi tilẹ̀ lè má dé kíláàsì rárá. Ìwádìí ní ilé-ìwé 250 ní Ùgáńdà fi hàn pé láàárín 1991 sí 1995, nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló dé ilé-ìwé nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìnáwó wọn, yàtọ̀ sí owó oṣù. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n dán ètò olùkọ́ aláàdéhùn, ìyẹn olùkọ́ tí wọ́n gbà fún ìgbà díẹ̀, wò lọ́wọ́ alábòójútó méjì. Níbi tí World Vision, àjọ aláàánú tí kì í ṣe ti ìjọba, ti bójú tó o, máàkì àwọn ọmọ gòkè; lọ́wọ́ ìjọba, kò sí àǹfààní tó hàn. Ètò kan náà ni o.

Kí ló wá yẹ ká wò? Kí ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀? Bí ìwé ìlànà ò bá lè dáhùn ìyẹn, kò tíì sí ohun tá a fẹ́ wọ̀n. Ẹ fi ìbò mú ilé-ìwé, ẹ má sì sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀. Bí ọ́fíìsì agbègbè bá bá yín yàn án, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà ni wọ́n máa mú yín lọ. Ẹ fi iye ìwé tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní òun kó jáde wé iye tí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí, kí ẹ tó ka ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìwé tó pé nínú rẹ́jísítà lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa, torí ọ̀gá ló máa ṣàlàyé bó bá ya tàbí tó sọnù.

Ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ni ẹ̀rí tó lágbára jù, ó sì yani lẹ́nu báwọn alábẹ̀wò ṣe ń fojú fò ó. Ẹ gba mẹ́ta ní kíláàsì kan: ti ọmọ tó já fáfá, ti ẹni àárín, ti ẹni tó ń tiraka. Ẹ wo déètì. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àdàkọ ojú pátákó, tí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bára mu títí dórí àṣìṣe, ìlànà tó ní “kí ọmọ máa ronú fúnra rẹ̀” ò tíì wọ kíláàsì yẹn. Olùkọ́ lè kọ ètò iṣẹ́ sáà kan lálẹ́ ọjọ́ kan. Ogójì ọmọ ò lè fi òru kan kún ìwé wọn.

Ẹ má bi olùkọ́ bóyá ó ń lo ìlànà tuntun, bẹ́ẹ̀ ni ló máa dáhùn. Ẹ ní kó ṣàlàyé bó ṣe kọ́ iṣẹ́ àná. Ní ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wákàtí tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan jókòó ni kí ẹ kà, kì í ṣe iye orúkọ: ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n gbà lókè lè ti di ọ̀sán kan kó tó kàn án.

Lẹ́yìn èyí ni máàkì tó wúlò. Ẹ fi ilé-ìwé tí ìlànà ti wọ̀ wé èyí tí kò tíì wọ̀, kí ẹ sì wo bí méjèèjì ṣe ń ṣe kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀, torí ilé-ìwé tó tètè gba ìlànà lè jẹ́ èyí tó ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀.