Òkúta Ìdànrè Á Dúró, Ilé Ibẹ̀ Ni Ó Ń Lọ

Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, mọ̀ pé kì í ṣe òkúta nìkan ló wà lókè. Ìlú ló wà níbẹ̀. Ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, wà níbẹ̀ tòun ti àgbàlá àti òpó gbígbẹ́ rẹ̀, kọ́ọ̀tù àtijọ́ wà níbẹ̀, ojúbọ wà níbẹ̀, ibojì àwọn tó ṣáájú náà wà níbẹ̀.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará Ìdànrè kó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Odòde, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè. Láti ìgbà náà ni ilé òkè kò ti ní onílé mọ́, ohun tó sì ń pa wọ́n nìyẹn. Ọjọ́ orí kì í pa ilé amọ̀. Àìrí ẹni tún un rẹ́ ló ń pa á. Nígbà tí ènìyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, wọn á po amọ̀, wọn á dí ojú ibi tó sán, wọn á rẹ́ ògiri, wọn á sì tún òrùlé ṣe. Lónìí, kì í ṣe aláǹgbá nìkan ló ń wọ inú ògiri tó lanu. Òjò ń wọ̀ ọ́ látòkè, ó ń fọ amọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ògiri á fi wó.

Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ Òkè Ìdànrè síwájú UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà àti ẹ̀kọ́, pé ó yẹ kó di ogún gbogbo ayé. Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa ti wọlé ní 1999, Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọlé ní 2005. Ìdànrè ṣì ń dúró. Bí àwọn olùyẹ̀wò bá dé lọ́la, ṣé àlàpà la máa fi hàn wọ́n?

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ṣòro. Nínú owó tí àlejò ń san lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n yọ ti ògiri àti òrùlé sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ! Sìmẹ́ǹtì máa ń há omi mọ́ amọ̀ nínú. Ojú rẹ̀ á máa dán, inú rẹ̀ á máa jẹrà. Amọ̀ ni kí a fi tún amọ̀ ṣe. Kí wọ́n wá àwọn àgbà tó ṣì mọ bí a ṣe ń mọlé, kí wọ́n san owó fún wọn, kí wọ́n sì fi àwọn ọ̀dọ́ Ìdànrè sí wọn lábẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òfin ti dáàbò bò ó. Òfin ti dáàbò bo Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan l'Ékòó, láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016.

Ẹ̀yin ọmọ Ìdànrè náà, ẹ mọ agboolé tí bàbá ńlá yín ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ lọ wò ó. Bó bá di oṣù kọkànlá, òjò á ti dá, kí amọ̀ ti wà nílẹ̀ dè é.