Nǹkan oṣù tó ń lọ sópin: ọ̀rọ̀ ilé ni àbí ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́?

Ìyá Tọ́pẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbọ́ èrò yín. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn tó ń gbé fóònù oníbàárà níbi iṣẹ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni ọdún 49, tó jẹ́ pé òun ni mò ń fi oníbàárà tínú ń bí jù lé lọ́wọ́, ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun ò róorun sùn mọ́, ooru a ṣàdédé ru bo òun, orúkọ oníbàárà a sì fò lọ lórí òun lẹ́nu ọ̀rọ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ ló ń lọ sópin. Mo bá àwọn tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ sọ ọ́, wọ́n ní kò sí nínú ìwé òfin àwọn. Lójú tèmi, ó yẹ kó wà níbẹ̀ kedere, kó má jẹ́ pé àánú ọ̀gá nìkan lobìnrin á máa gbójú lé.

Lékan Oníṣòwò
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mi ò ní obìnrin yẹn ò jìyà o. Ṣùgbọ́n èèyàn díẹ̀ ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ń pẹ́ dé, tó ń dìde nídìí iṣẹ́, ẹlòmíì ló máa bá a ṣe é. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: kò sẹ́ni tí kò rẹ̀ níbí. Àwọn ìyá wa náà la ìgbà yìí kọjá, wọn ò gbàsinmi fún un.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́
Ọ̀gá Lékan, ìyà tí àwọn ìyá wa jẹ ò sọ pé kí àwọn ọmọ wọn náà jẹ ẹ́. Yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lórí aṣọ iṣẹ́ mi, mò ń wọ aṣọ gígùn tí omi kì í gbà kọjá, ìbọ̀wọ́ méjì, ìbòmú àti awò. Tí ooru yẹn bá dé, láti àyà ni, á gun ọrùn, á bo ojú. Awò á ṣú, òógùn á ṣàn wọnú ìbọ̀wọ́, mi ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ nu iwájú orí mi, torí wọ́n ti pa kòkòrò ọwọ́ náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, á lọ, òtútù á wá máa mú mi.

Ẹ́sítírójìn, ìyẹn họ́mọ̀nù obìnrin, tó ń dín kù ló ń fà á. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣọ́ bí ara ṣe gbóná tó. Tí họ́mọ̀nù yẹn bá dín kù, ibẹ̀ á rò pé ara ti gbóná jù, á sì tú òógùn sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó lè tó ọdún méje lára ẹlòmíì kó tó tán.

Adétutù
Obìnrin ni mí, ọdún 47 ni mí, mi ò sì fẹ́ òfin yẹn. Tí wọ́n bá ti mọ̀ níbi iṣẹ́ wa pé ara ń yọ èèyàn lẹ́nu, wọn ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́ nígbà ìgbéga. Wọ́n á ní kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ á wá di ọ̀gá mi. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé obìnrin ọdún 45 sí 55 ni, ẹ ti fàmì sí gbogbo wa lára.

Ṣadé
Àǹtí Adétutù, kì í tiẹ̀ ṣe ọjọ́ orí nìkan. Ọdún 38 ni mo wà tí wọ́n yọ ilé ẹyin mi méjèèjì nítorí àìsàn. Kò pẹ́ tí ooru fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi ní mo kéré sí irú ẹ̀. Ẹ má kọ ọjọ́ orí sínú òfin kankan.

Ìyá Tọ́pẹ́
Adétutù, mo gbọ́ yín. Ní Bírítéènì, ìgbìmọ̀ aṣòfin kan dábàá lọ́dún 2022 pé kí wọ́n dán ìsinmi pàtàkì wò fún un, ìjọba kọ̀ ọ́ lọ́dún 2023. Ṣùgbọ́n ní 2024, àjọ tó ń rí sí ìdọ́gba níbẹ̀ sọ ọ́ fáwọn agbanisíṣẹ́ pé tí ìnira náà bá pọ̀, tó sì pẹ́, ó lè wọ abẹ́ òfin tó ń dáàbò bo aláàbọ̀ ara, wọ́n á sì ní láti tún nǹkan ṣe fún ẹni náà. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Mi ò bèèrè ìsinmi.

Lékan Oníṣòwò
Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe gan-an?

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́
Fáànù lórí tábìlì. Aṣọ iṣẹ́ òwú fẹ́lẹ́, kí wọ́n fún un ní èyí tó lè fi pààrọ̀. Ẹ má fi iṣẹ́ òwúrọ̀ tẹ̀ lé iṣẹ́ alẹ́. Kó lè lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìtọrọ àyè, torí kí nǹkan oṣù tó dúró pátá, ẹ̀jẹ̀ a máa ya lára ẹlòmíì débi tí kò ti ní lè jókòó fún wákàtí méjì. Ẹ sì fún un láyè láti rí dókítà: oògùn wà, èyí tó ní họ́mọ̀nù àti èyí tí kò ní.

Lékan Oníṣòwò
Fáànù àti aṣọ, mo lè ṣe ìyẹn lọ́la. Ti ìyípadà àsìkò iṣẹ́ ló le, torí ẹni tó bá gba alẹ́ dípò rẹ̀ náà nílé.

Adétutù
Ẹ jẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè bèèrè fún un nígbà náà, ọkùnrin àti obìnrin, láìsọ ìdí. Ìyẹn ni mo lè gbà.

Ìyá Tọ́pẹ́
Mo gbà pé kí ẹni tó ń bèèrè má sọ ìdí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù tó ń lọ sópin gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé òfin. Nítorí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n fi dá mi padà.

Adétutù
Mi ò tíì gbà síbẹ̀ mà. Ẹ bi obìnrin tó kọ̀wé yẹn ná, ṣé ó fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́.

Ìyá Tọ́pẹ́
Màá bi í lọ́jọ́ Ajé. Lẹ́tà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì fi ránṣẹ́ sókè.