Òtútù ló gbé ìbúra Trump wọlé, kì í ṣe àìrí èrò

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, irọ́ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán pápá Washington tí ẹ ń pín lórí WhatsApp, pé "Amẹ́ríkà kọ Trump sílẹ̀, kò sẹ́ni tó wá síbi ìbúra rẹ̀." Lánàá, nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Post Office, bùrọ̀dá kan ń fi ìka fẹ àwòrán náà lójú fóònù kí gbogbo wa lè rí bó ṣe ṣófo tó.

Òótọ́ ni, pápá ṣófo. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 2025 ni Trump ti kéde pé òun ò ní búra níta mọ́ nítorí òtútù. Inú ilé aṣòfin, Capitol, ló ti búra lọ́jọ́ 20. Òtútù náà ló lé Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wọlé lọ́dún 1985, òtútù ọ̀hún kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa rárá! Gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan tó ń gba nǹkan bí 20,000 èèyàn ni àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ kóra jọ sí, ó sì lọ bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn ìbúra.

Àwọn tí kò fẹ́ ẹ náà pọ̀: wọ́n wọ́de ní Washington lọ́jọ́ 18. Nínú ìbò 2024, ó lé ní mílíọ̀nù 77 tó dìbò fún Trump, Kamala Harris tó bá a díje sì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 75. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́, àmọ́ kó má fi àwòrán yìí ṣe ẹ̀rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pa á rẹ́ nínú gúrúùpù yín.