Orúkọ mẹ́wàá kì í ṣe ẹ̀dá mẹ́wàá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín tó ní irú ẹ̀dá 2.2 mílíọ̀nù ló wà nínú òkun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kà á ní oókan-eéjì. Onímọ̀ ẹ̀dá kan, Camilo Mora, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣírò rẹ̀ ní 2011: wọ́n wo iye ìsọ̀rí ńláńlá tí a pín àwọn ẹ̀dá sí, tí a ti mọ̀, wọ́n sì fi ṣírò iye irú tó yẹ kó wà lábẹ́ wọn. Ní 2012, Ward Appeltans àti àwọn onímọ̀ ẹ̀dá òkun tó lé ní 100 ní irú tó wà nínú òkun kò ju 700,000 sí mílíọ̀nù 1 lọ.

Orúkọ gan-an ló ń da ìṣirò rú. Ọmọ tuntun n'Íbàdàn, bàbá àgbà á sọ ọ́ lórúkọ, ìyá àgbà á sọ tirẹ̀, oríkì tún ń bẹ. Akànìyàn tó bá kọ gbogbo rẹ̀ ti sọ ẹnì kan di mẹ́ta. Ìgbín etíkun kan báyìí, Littorina saxatilis, ti gba orúkọ tó lé ní 100 lọ́wọ́ àwọn onímọ̀! Nígbà tí ẹgbẹ́ Appeltans yẹ àkọsílẹ̀ orúkọ wò, tí wọ́n yọ àpètúnpè kúrò, nǹkan bí 226,000 irú tí a ti mọ̀ ló kù. Àwọn orúkọ àpètúnpè tó nǹkan bí 170,000.

Ti ìsàlẹ̀ òkun tún le jù. Ní 1992, àwọn onímọ̀ méjì, Grassle àti Maciolek, fi àpótí bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun nígbà 233, wọ́n rí irú 798, wọ́n sì ti ibẹ̀ fò dé mílíọ̀nù 10. Ó dà bí kéèyàn ka ìsọ̀ díẹ̀ ní Bódìjà, kó fi ṣírò gbogbo ọjà Nàìjíríà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún ìròyìn náà pé bakitéríà kò sí nínú 2.2 mílíọ̀nù yẹn.