Ẹni tí kò lé ẹran tó já rí ló ń sọ pé "ẹ kàn mú un"

Mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀. Irun ni mo lọ gẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mi ní Mafoluku, níbi tí ariwo bàálù ti máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu. Ọmọkùnrin kan tó ń dúró de irun tirẹ̀ ló gbé fóònù sókè, ó ní ká wá wo ìwà ìkà tí àwọn òyìnbó hù.

Ọ̀rọ̀ ajá Auckland ni, ní New Zealand. Ọdún 2017 ni ọ̀rọ̀ yẹn o, ẹnì kan ló tún lọ hú u síta. Grizz lorúkọ ajá náà, ọmọ oṣù 10 péré. Wọ́n ṣì ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi imú wá bọ́ǹbù ní pápákọ̀ òfurufú. Ó já mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ìdájí, ó sá bọ́ sí ibi tí bàálù ń gbà. Wọ́n lé e, lé e, ó lé ní wákàtí 3, bàálù 16 ò rí lọ rí bọ̀ lásìkò, nígbẹ̀yìn ọlọ́pàá yìnbọn pa á.

Ẹ wá gbọ́ èébú. Ṣé wọn ò lè fi ẹran tàn án ni? Ṣé wọn ò ní ìbọn abẹ́rẹ́ oorun ni? Ẹ kàn mú un, kí ló le níbẹ̀? Bàbá kan tó ń ka ìwé ìròyìn ní tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ tiwa ni, a ò ní fi ọta ṣòfò, ìkòkò la ó gbé kaná. (Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ má bínú sí mi, ẹnu bàbá yẹn ló ti jáde.) Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ṣàánú ajá jù nínú wọn, súyà wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. "Kàn" yẹn ló ń bí mi nínú. Kí wọ́n kàn mú un. Kí wọ́n kàn tàn án. Ẹnu tó ń sọ "kàn" kò tíì lé ẹran tó já rí láyé ẹ̀.

Èmi ti lé e rí.

Ọ̀la ni Iléyá. Mo ṣì wà nílé bàbá mi nígbà náà, ní Mafoluku kan náà yìí. Àgbò wa ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa, funfun ni, dúdú yí i lójú ká. Wàsíù àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń fún un ní eèrí àti èèpo iṣu láàárọ̀ àti lálẹ́. Òun náà ló sọ ọ́ ní Ààfáà, nítorí irun tó rọ̀ wálẹ̀ lọ́rùn ẹ̀ bí irùngbọ̀n. Bàbá mi ní a ò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀, torí náà tí bàbá ò bá sí nílé la máa ń pè é bẹ́ẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n mú un síta kí n wẹ̀ ẹ́. Okùn ti gbó. Mo mọ̀ pé ó ti gbó, mo sì fi so ó bẹ́ẹ̀. Omi àkọ́kọ́ tí mo dà sí i lára báyìí, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, okùn já, ó gba ẹnu géètì jáde. Ó da àtẹ ìyá aláta nù, ata rodo ń yí lọ sínú gọ́tà, ìyá ń ṣépè, èmi ń sáré, ń ò wọ bàtà. Kí n tó mọ̀, ó ti bọ́ sí ojú ọ̀nà Ẹ́pọ́ọ̀tù. Ọ̀nà Ẹ́pọ́ọ̀tù o, lọ́jọ́ tí ọdún ku ọ̀la, tí gbogbo Èkó ń lọ sílé!

Mo ń pariwo, "Ẹ bá wa mú Ààfáà o! Ààfáà ti sá lọ o!" Ọlọ́kadà méjì dúró, wọ́n ń wá olè tó wọ jàlàbíà. Ààfáà gidi kan wà létí títì tó ń ra omi inú ọ̀rá, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó wò mí, ó wo àwọn ọlọ́kadà, ó yára kó sínú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín títí di òní. Kò pa wá lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan yọrí jáde láti inú takisí, ó ń ké, "Fíláìtì mi o! Aago mẹ́rin ni o!" Kọ̀ńdọ́ danfó bọ́ sílẹ̀. Gbogbo ayé di olùkọ́. Ẹnì kan ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ká gbá mú, ẹlòmíì ní ìwo ni, ẹlòmíì ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní ká fi bò ó lójú. Bí a ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹsẹ̀ àgbò ń yá sí i. Ìgbà kan wà tó há sí àárín mọ́tò méjì, tí mo fi sún mọ́ ọn tí ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Ìhà ẹ̀ ń lọ sókè sódò, itọ́ funfun yí ẹnu ẹ̀ ká, àjákù okùn búlúù ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Dúdú inú ẹyinjú àgbò kì í ṣe róbótó, ẹ wò ó dáadáa lọ́jọ́ kan. Ó nà gbọọrọ bí ẹnu kóló. Ó fi ojú yẹn wò mí, kò sì mọ̀ mí mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti jọ wà, ó ti parẹ́ lójú ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti ju igi lù ú nídìí. Ó fò kọjá lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wá sọ fún mi nípa abẹ́rẹ́ oorun. Ẹ rò pé bí abẹ́rẹ́ bá ti bà á, gbìì, ó ti sùn bíi ti inú fíìmù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ bí ẹran ṣe tóbi tó kí wọ́n tó mọ ìwọ̀n oògùn, oògùn á tún gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó ràn, ti ẹran tí ẹ̀rù bà á tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo ìṣẹ́jú yẹn, eré ni yóò máa sá, bíi ti àgbò wa tí igi bà. Lójú ọ̀nà tiwa, mọ́tò lè tẹ bíréèkì, wọ́n sì lè fọn fèrè. Bàálù tó ń balẹ̀ ń sáré tó kìlómítà 250 láàárín wákàtí kan. Kò lè yà, kò lè fọn fèrè fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ò tíì gbàgbé Port Harcourt, July 2005, tí bàálù Air France balẹ̀ sáàárín màlúù. Màlúù 7 kú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé èèyàn kankan ò kú nínú bàálù. Ọdún 2018, màlúù tún gba ojú ọ̀nà bàálù ní Àkúrẹ́, a fi ṣe àwàdà fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tán. Ẹyẹ lásán ló pa ẹ́ńjìnì méjèèjì bàálù kan ní New York lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, èèyàn 155 wà nínú ẹ̀, orí odò ni awakọ̀ gbé e bà sí kí wọ́n tó yè. Ẹyẹ ni mo wí o. Ẹ wá ní kí wọ́n máa fi ọmọ ajá ṣeré.

Wọ́n sì gbìyànjú. Ohun tí ọmọkùnrin onífóònù yẹn ò kà dé ìsàlẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fi oúnjẹ tàn án, wọ́n gbé ohun ìṣeré wá, wọ́n mú ajá mìíràn wá kó lè sún mọ́ ọn. Ó kọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kọ nìyẹn, kí n sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ bí a ṣe mú Ààfáà.

Wàsíù ló mú un. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó gbé abọ́ eèrí láti ilé, ó gba àárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn kọjá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí títì. A ní kó kúrò níbẹ̀ kí mọ́tò má pa á. Kò dá wa lóhùn. Ó ń gbọn abọ́, ṣìkì, ṣìkì, bó ṣe ń gbọ̀n ọ́n láràárọ̀. Ó ní, "Ààfáà, ó tó." Kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Àgbò dúró. Ó yí etí. Ó rìn, kò sáré, ó wá ki ẹnu bọ abọ́. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti gbá ìwo ẹ̀ mú.

Ẹ rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ tí mo fi ń bá wọn jà ti fẹ́ yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Oúnjẹ náà ló mú un. Oúnjẹ, àti ohùn kan tó mọ̀. Lóòótọ́, ogójì ìṣẹ́jú ni tiwa, tiwọn lé ní wákàtí 3. Lóòótọ́, kò sí ẹ́ńjìnì bàálù tó ń ké lórí Wàsíù. Mo ṣì gbà pé ọlọ́pàá yẹn ò níkà nínú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Sátidé, ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ sọ pé "kò sí ọ̀nà míì", ṣìkì, ṣìkì yẹn ni mo ń gbọ́.

A dé láti Yídì lọ́jọ́ kejì, a dú àgbò. Ìyá mi bu ìhà tó ní ọ̀rá sínú àwo Wàsíù, torí òun ni akọni ilé lọ́jọ́ náà. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá ní kí ló dé, ṣé ara ẹ̀ ò yá ni.

Ó ní, "Èmi ni mo pè é."